Ta ló pa Robocraft? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síbí

ỌmọOlósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Èkìtì kete! Ẹ̀yin ará ulé, mo kí gbogbo yín. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 tí ilé-iṣẹ́ Freejam ti kógbá sílé, tí sáfà Robocraft àti ti Robocraft 2, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ń so àwọn tó ń gbá géèmù pọ̀, sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, oríṣiríṣi àlàyé ni mo ti gbọ́. Àwọn kan ní owó ló tán. Àwọn kan ní ojú ayé ti kúrò lára rẹ̀. Èmi gbà pé ohun tó pa á ti wà nínú ilé tipẹ́ kí owó tó tán, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ gbá a dáadáa bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: géèmù orí kọ̀ǹpútà ni Robocraft. Portsmouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Freejam tó ṣe é wà, èèyàn márùn-ún ló sì dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2013. Oṣù keje 2014 ló bọ́ sórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí wọn ò tíì ṣe é tán, ọ̀fẹ́ sì ni. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ẹ kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ wà á, ẹ fi jà. Búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́ ọ, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, nínú gáréèjì ẹni. Ẹni tó fẹ́ á fi táyà sí i, ẹlòmíràn á fi ẹsẹ̀ kòkòrò sí i, ẹlòmíràn á fi ìyẹ́ sí i kó máa fò. Tó bá ti gbé ìbọn lé e tán, ó dojú ogun, níbi tí àwọn èèyàn láti orílẹ̀-èdè mìíràn ti gbé tiwọn wá.

Ibi tí adùn rẹ̀ wà nìyí. Bí ọta bá ba búlọ́ọ̀kù kan, agbára tó bá ṣẹ́ kù á gba ojú ibi tí búlọ́ọ̀kù náà ti so mọ́ra kọjá sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohunkóhun tí kò bá sì rí ọ̀nà so mọ́ àga awakọ̀ mọ́ á já bọ́ sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó kàn kó búlọ́ọ̀kù jọ gìdìgbà, tí apá rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ so mọ́ ara ní ojú kan ṣoṣo, kò ní pẹ́ tí apá náà fi máa lọ pẹ̀lú ìbọn tó wà lórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú wa wá rí i pé téèyàn bá fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe onígun mẹ́ta káàkiri inú rọ́bọ́ọ̀tì, tí ìta àti inú kì í fi í so mọ́ra níbi púpọ̀, ìyà tó bá jẹ ìta kò ní ráyè wọ inú. Triforce ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń gbá géèmù náà ló wá ọgbọ́n yìí jáde, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn.

Ẹ rò ó wò: ọmọ tí kò mọ ìbọn í yìn dáadáa lè ṣẹ́gun ẹni tó mọ̀ ọ́n yìn, nítorí pé ó mọ ilé kọ́. Géèmù mélòó lẹ mọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀?

Èrò mi nìyí: òfin ìkọ́lé yìí ni Robocraft gan-an, àwọn tó ni ín kò sì jẹ́ kó dúró. Àtúnṣe ńlá kan á dé, rọ́bọ́ọ̀tì tí ayé fi oṣù mélòó kan tò á di ohun tí kò wúlò mọ́. Kí wọ́n tó mọ èyí tuntun í kọ́, àtúnṣe mìíràn á tún dé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ jù ló kọ́kọ́ lọ.

Káfè_Ajílósùn (Adó)

Ẹ̀gbọ́n Olósùnta, ẹ káre láé. Mo ní káfè kékeré kan ní Ajílósùn nígbà náà, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ kò sì lágbára. Ohun tó jẹ́ kí Robocraft ráyè wọbẹ̀ ni pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé kò béèrè káàdì àwòrán olówó ńlá. Unity, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ni wọ́n fi kọ ọ́; téèyàn bá ti rẹ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, á ṣiṣẹ́. Tiwa ni dátà tí a ó fi gbé e wálẹ̀, àti iná, àti epo jẹnẹrétọ̀.

Ohun kan wà tí n kò rí nínú géèmù mìíràn. Àwọn ọmọkùnrin yẹn á ti ya rọ́bọ́ọ̀tì wọn sínú ìwé kí wọ́n tó wá sanwó wákàtí, kí àkókò má bàa lọ sínú gáréèjì. Ìwé onílà ìṣirò ni wọ́n fi ń yà á, àpótí kékeré kan fún búlọ́ọ̀kù kan. Wọ́n á ya ti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ya ti òkè, wọ́n á kọ iye tí CPU máa jẹ́ sí etí ìwé. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n: gbogbo nǹkan téèyàn bá fi sára rọ́bọ́ọ̀tì ló ní iye CPU tó ń jẹ, iye náà sì ní òpin. Bí ìbọn bá pọ̀, ara á fúyẹ́. Bí ara bá nípọn, ìbọn á kéré.

Ìdádúró íntánẹ́ẹ̀tì náà tún kọ́ wa lọ́gbọ́n. Sáfà jìnnà sí wa, kí ọta tí wọ́n yìn ní Adó tó débẹ̀, ẹni tí wọ́n yìn ín sí ti kúrò lójú kan. Rail, ìbọn tó ń ta láti òkèèrè, kò ṣeé gbára lé nítorí pé ojú ibi tí ọ̀tá wà gan-an ló gbọ́dọ̀ bà. Plásímà ni àwọn tiwa ń lò. Ó máa ń bú gbàmù, ó sì ń kan àyíká ibi tó bá balẹ̀ sí. Wọ́n á kọ́ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n á gbé plásímà sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa da iná lé àwọn èèyàn lórí. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń rìn nílẹ̀ kórìíra irú rọ́bọ́ọ̀tì yẹn dé góńgó, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀nà gbà wá láyè láti ṣe nìyẹn.

ÀdùkẹNáánò (Ìjerò)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Náánò ni mo máa ń gbé lọ sójú ogun, ìbọn tí kì í pa èèyàn. Bí mo bá yìn ín sí rọ́bọ́ọ̀tì ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ mi, búlọ́ọ̀kù tó ti já kúrò lára rẹ̀ á tún máa padà sáyè rẹ̀, títí kan táyà àti ìbọn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe nínú géèmù. Àwa méjì lè dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan, kí ó máa lọ síwájú, kí wọ́n máa gé e, kí àwa náà máa tò ó.

Mo fara mọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀gbọ́n wa sọ, àmọ́ n kò gbà pé gbogbo àtúnṣe ló burú. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àga awakọ̀. Nígbà tó wà níbẹ̀, bí ọ̀tá bá ti mọ ibi tí ẹ fi pamọ́ sí, ó lè gba ojú ihò kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì á lọ pẹ̀lú bí ara rẹ̀ ṣe pé pérépéré. Kí ni náánò fẹ́ wò sàn níbẹ̀? Ìgbà tí wọ́n yọ àga yẹn kúrò, ìjà wá gùn sí i, iṣẹ́ wa sì wá níyì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjà ibùdó tí wọ́n dá sílẹ̀, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti ń du àwọn ilé-ìṣọ́ àárín pápá kí wọ́n tó lè ṣẹ́gun ibùdó ara wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó mọ ẹgbẹ́ í ṣe ní àyè.

Èyí tí n kò lè dárí jì ni ti àpótí, ní 2016.

Ṣáájú ìgbà náà, ẹ ó jà, ẹ ó rí èrè, ẹ ó fi ṣí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín fẹ́. Ẹni tó ń wá náánò mọ iye ogun tó kù kó ja. Lẹ́yìn àtúnṣe yẹn, àpótí ni wọ́n ń fún èèyàn lẹ́yìn ogun, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo lè máa wá náánò kí n máa rí ìyẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, èmi tí n kì í fò. Ẹ lè wó ohun tí ẹ kò fẹ́ sí owó inú géèmù, kí ẹ fi rọ òmíràn, àmọ́ owó tí wọ́n ń san lórí èyí tí ẹ wó kò tó nǹkan lára iye tí wọ́n ń béèrè fún èyí tí ẹ fẹ́ rọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìkọ́lé. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ lè yan irinṣẹ́ rẹ̀.

ỌmọOlósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

@ÀdùkẹNáánò, o ṣeun, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ àga yẹn, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé o rí i pé ìgbà tí àga lọ ni ọ̀nà àtigbé inú rọ́bọ́ọ̀tì pamọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ní iyì? Ọgbọ́n kan lọ, òmíràn kò rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fọwọ́ kan ìpele.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí dáadáa torí pé ó ká mi lára. Nígbà àkọ́kọ́, ìpele-ìpele ni, láti ìkíní dé ìkẹwàá. Ẹni tó wà ní ìpele kejì, ẹni ìpele rẹ̀ ló ń bá jà. Ìbọn kékeré, táyà kékeré, búlọ́ọ̀kù tí kò lágbára. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní bí ìkọ́lé rẹ̀ ṣe rí. Mo mọ àwọn tó kọ̀ láti kúrò ní ìpele kẹta torí pé ibẹ̀ ni rọ́bọ́ọ̀tì kéékèèké tó ń sáré ti dùn jù. Wọ́n kó gbogbo ìpele yìí kúrò. Wọ́n sì sọ gbogbo búlọ́ọ̀kù ara di ọ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé ọ̀dà nìkan ló kù láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọ̀dà yẹn wu ojú, n kò purọ́. Ìgbà náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó rí bí ẹyẹ, bí ẹja, bí ilé. Àmọ́ èyí tó ń ṣẹ́gun wá di ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Ìyẹn ni wọ́n wá gbé àpótí lé. Ní 2016 náà ni géèmù ìbọn tó ń jẹ́ Overwatch jáde pẹ̀lú àpótí tirẹ̀, gbogbo ọjà sì ń tẹ̀ lé àṣà yẹn. Àyàfi pé aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ ló wà nínú ti Overwatch. Ti Robocraft, ẹsẹ̀ rọ́bọ́ọ̀tì ló wà nínú rẹ̀! Ìbọn rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀! Ní oṣù kẹrin 2018, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó tẹ́tẹ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù sọ pé irú àpótí báyìí nínú àwọn géèmù kan tí wọ́n yẹ̀ wò, tẹ́tẹ́ ni lábẹ́ òfin wọn. Freejam náà padà kó tiwọn kúrò, wọ́n dá ọ̀nà ṣíṣí ohun tó wuni padà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ìyẹn ì bá dùn mọ́ nínú ti lọ.

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láyè kí n gbẹnu sọ fún àwọn tó ṣe é, torí pé gbogbo wa ló ń nà wọ́n.

Ọ̀fẹ́ ni géèmù náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbá a kì í náwó kankan níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọ iléèwé mi. Sáfà ń jẹ owó lójoojúmọ́, yálà èèyàn ra nǹkan tàbí kò rà. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ máa wá ẹni tuntun wọlé láìdáwọ́ dúró, ẹni tuntun ni ìkọ́lé tó le sì máa ń lé jáde. Ọmọ tó kọ́kọ́ wọlé á kọ́ nǹkan tó rò pé ó dára, ẹni tó mọ triforce á fọ́ ọ túútúú, ọmọ náà á jáde, kò ní padà wá. Ohun tí ẹ̀gbọ́n Olósùnta ń pè ní adùn ni ẹnu ọ̀nà tó ga jù fún ọmọ tuntun. Freejam rí i, wọ́n ń gbìyànjú láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mi ò sọ pé wọ́n rẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ.

Kí n tún sọ ohun tí mo fi ń ṣe ní kíláàsì. Mo máa ń fi Robocraft kọ́ wọn ní ibi tí ìwúwo ohun kan ti pàdé. Bí ẹ bá kọ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń tì í sí òkè ibi tí ìwúwo rẹ̀ ti pàdé, imú rẹ̀ á máa doríkodò. Bí ẹ bá gbé e sísàlẹ̀ jù, imú á máa gbéra. Bí ìbọn ọ̀tá bá gé ìyẹ́ kan, ìwúwo á yí padà lójú ẹsẹ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yípo. Ọmọ tó ti fojú ara rẹ̀ rí èyí kì í gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò físíìsì. Inú mi bà jẹ́ gan-an nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti lọ, mi ò tíì rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀ nínú iṣẹ́ mi.

Ọmọ_Ìfàkì

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mi ò gbá Robocraft rí, War Robots orí fóònù ni mo mọ̀. Mẹ́fà sí mẹ́fà la máa ń jà. Ṣé ó jọ ọ́? Kí ló dé tí ìyẹn ṣì wà tí Robocraft kò sí mọ́, nígbà tó jẹ́ pé 2014 làwọn méjèèjì jáde?

Káfè_Ajílósùn (Adó)

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára. Nínú War Robots, rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ti kọ́ tán lo máa ń gbà, o kàn ń yan ìbọn tí o fẹ́ gbé lé e. Pixonic tó ṣe é mọ iye rọ́bọ́ọ̀tì tó wà nínú géèmù náà, wọ́n lè wọn agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú Robocraft, ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà. Kò sí bí wọ́n ṣe lè ka iye rọ́bọ́ọ̀tì tí ayé lè kọ́. Bí wọ́n bá fi díẹ̀ kún agbára táyà kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀nà tí wọn ò ronú kàn ló máa ṣí.

Ti orí fóònù náà wà níbẹ̀. Nígbà tí fóònù olówó pọ́ọ́kú kún ìgboro, káfè mi gan-an kú. Ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́ kò ní wá jókòó ní Ajílósùn kó máa dúró de iná. Robocraft kò dé orí fóònù rí. Kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìgbá-géèmù Xbox One ni wọ́n gbé e lọ ní 2018 pẹ̀lú orúkọ Robocraft Infinity.

Dèjì_Òkèṣà

Ẹ má bínú sí mi, géèmù Fortnite ló pa Robocraft, gbogbo èyí tí ẹ ń sọ yìí, àfikún ni. PUBG, géèmù tí èèyàn púpọ̀ ti ń jà títí á fi ku ẹnìkan, jáde ní oṣù kẹta 2017. Ti Fortnite tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Oṣù kẹjọ 2017, àárín méjèèjì gan-an, ni Freejam kéde pé Robocraft ti pé, pé ó ti kúrò ní èyí tí wọn ò tíì ṣe tán. Ta ni yóò wò ó? Gbogbo àwọn tí mò ń bá gbá a lọ sí erékùṣù tí ẹni kan ṣoṣo ti ń ṣẹ́kù.

Wọ́n sì tún sáré tẹ̀ lé wọn lọ. Robocraft Royale, ní 2018: wọ́n kó gbogbo èèyàn sórí pápá kan, kí wọ́n para wọn títí á fi ku ẹnìkan. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ẹlòmíràn ti kọ́ lẹ ó bá nílẹ̀, ẹ ó gun ún. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi pa á tì.

Ẹ wo Titanfall 2 náà, eré rọ́bọ́ọ̀tì tó dára ju ọ̀pọ̀ lọ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2016 ni wọ́n gbé e jáde, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Battlefield 1, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Call of Duty ọdún yẹn, géèmù ogun olókìkí méjì. Kò tà bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tó lè sọ pé àwọn tó ṣe é kò mọ iṣẹ́. Ìgbà ló ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀.

ỌmọOlósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

@Dèjì_Òkèṣà, ohun tí o sọ nípa Royale gan-an ló gbè mí lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ní géèmù tí ayé fi ń kọ́lé, kí ló dé tó fi ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní kọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀? Fortnite gan-an, kí ló yà á sọ́tọ̀ sí PUBG? Ìkọ́lé ni! Ẹni tó ń gbá a ń gé igi, ó ń mọ ògiri láàárín ìjà. Freejam ti ní ìyẹn lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú wọn.

Mo sì fẹ́ fi èyí kún un: MechWarrior Online, láti 2013 ni wọ́n ti gbé e jáde ní kíkún, ọ̀fẹ́ ni, rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀ náà, Fortnite bá a láyé, ó ṣì wà. Kò fi bẹ́ẹ̀ lókìkí mọ́, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ní 2014 tó bá wọlé lónìí á mọ ibi tó wà. Kò sí ẹni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Robocraft. Ẹni tó jáde ní 2014 tó padà ní 2017, géèmù mìíràn ló bá.

Dèjì_Òkèṣà

Mo gbà fún yín lórí MechWarrior, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn kò ṣeé jà níyàn. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ ìgbà o.

ÀdùkẹNáánò (Ìjerò)

Kò sí ẹni tó tíì sọ̀rọ̀ nípa apá kejì. Ìparí 2023 ni Robocraft 2 jáde. Mo fi gbogbo ọkàn dúró dè é. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì ni pé rọ́bọ́ọ̀tì ibẹ̀ lè ní oríkèé gidi, kó ní ìsopọ̀ tó ń tẹ̀ tó sì ń yí, téèyàn á fi ọgbọ́n orí darí. Ẹlẹ́rọ ni yóò gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọlé, mo máa ń dúró títí, èèyàn kò pọ̀ tó láti dá ogun sílẹ̀. Ẹni tó bá wọlé tó rí i pé kò sí èèyàn á jáde, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á bá a bẹ́ẹ̀.

Tíṣà_Ìkọ̀lé

@ÀdùkẹNáánò, ìyẹn le láti ṣe ju bí ojú ṣe rí i lọ. Nínú èyí àkọ́kọ́, rọ́bọ́ọ̀tì kan jẹ́ odidi kan tó le gbagidi. Ohun tí sáfà ní láti sọ fún gbogbo èèyàn kò ju ibi tó wà, ibi tó kọjú sí, àti búlọ́ọ̀kù tó já. Tí oríkèé bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń rìn fúnra rẹ̀. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà nínú ogun náà gbọ́dọ̀ gbà pé ibi kan náà ni apá rọ́bọ́ọ̀tì yẹn wà ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Bí wọn kò bá gbà, èèyàn á máa yìn ín, ọta á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ tó pọ̀ tó báyìí, kí ilé-iṣẹ́ tí kò tóbi máa ṣe é fún èèyàn tí kò tó nǹkan, mo mọ̀ pé kò lè pẹ́. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n tilẹ̀kùn.

ÀdùkẹNáánò (Ìjerò)

Ó yé mi, sà. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni ilé ìtajà rọ́bọ́ọ̀tì yẹn. Ẹ rántí pé ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ èyí tó dára lè gbé e síbẹ̀, kí ẹlòmíràn rà á, kó tú u wò, kó mọ bí wọ́n ṣe ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Mo máa ń ra rọ́bọ́ọ̀tì kan kí n má gbé e jáde rárá, kí n kàn máa yọ búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí n ó fi dé inú. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi ń kó ọgbọ́n wọn síbẹ̀. Orí sáfà ni gbogbo rẹ̀ wà, ó sì bá sáfà lọ. Fáìlì kan kò sí lórí kọ̀ǹpútà èèyàn tó lè ṣí i.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹ̀ lé Stop Killing Games, ìpolongo tí Ross Scott bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2024 lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Ubisoft pa sáfà géèmù wọn, The Crew. Wọn ò sọ pé kí ilé-iṣẹ́ máa san owó sáfà títí ayé. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé tí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ kúrò, kí ó fi géèmù náà sílẹ̀ ní ipò tó ṣì ṣeé gbá. Ní Yúróòpù, ìbuwọ́lùwé wọn ti kọjá mílíọ̀nù kan láti oṣù keje 2025.

Káfè_Ajílósùn (Adó)

Ká ní wọ́n fi sáfà kékeré kan sílẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ láàárín kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá kan, ìdádúró tí mo ń ráhùn nípa rẹ̀ lókè kò ní sí rárá. Wáyà kan, kọ̀ǹpútà mẹ́wàá, kò sí dátà. Ìyẹn ni irú àwa tí a wà ní Èkìtì ì bá gbádùn jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn géèmù ìbọn bíi Quake àti Counter-Strike àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi wà di òní.

ỌmọOlósùnta (Ìkẹ́rẹ́)

Ẹ ṣé gan-an ni. Tíṣà, ẹ ti mú mi rò nípa ọmọ tuntun tó ń fọ́ sí ẹnu ọ̀nà, òótọ́ ni. Ibi tí a ti yà ni pé èmi gbà pé kíkọ́ ni wọ́n ì bá kọ́ ọmọ náà. Ìkọ́ni nípa triforce kò sí nínú géèmù yẹn bó ṣe yẹ, orí YouTube lèèyàn ti ń wá a. Ká ní wọ́n lo agbára tí wọ́n fi yí òfin padà láti fi kọ́ni ní òfin tó wà nílẹ̀, mo gbà pé à bá ṣì máa pàdé níbẹ̀ lálẹ́ òní. Mo fara mọ́ @ÀdùkẹNáánò lórí ilé ìtajà yẹn ju gbogbo ohun tí èmi fúnra mi kọ lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ni, kò yẹ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìfàkì

Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ gbìyànjú láti kọ irú ẹ̀ fúnra mi, kékeré, èyí tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní làptọ́ọ̀pù tí kò lágbára púpọ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń mọ búlọ́ọ̀kù tó yẹ kó já?

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Ọmọ mi, gbé Godot wálẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù ni, ọ̀fẹ́ ni, kò wúwo. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù ogún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àga.

Fún búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó so mọ́ ọn sílẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà bẹ̀rẹ̀ láti orí àga: sàmì sí i, lọ sí gbogbo èyí tó so mọ́ ọn, sàmì sí wọn, lọ sí èyí tó so mọ́ àwọn yẹn, títí kò fi ní sí ibòmíràn láti lọ. Èyí tí kò bá ní àmì lára, òun ló já. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá ti ṣiṣẹ́, kí ìyà máa gba ojú ìsopọ̀ kọjá: agbára ọta jẹ́ ọgọ́rùn-ún, búlọ́ọ̀kù gba ọgbọ̀n kó tó bàjẹ́, pín àádọ́rin tó kù láàárín àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn lo máa fojú ara rẹ rí ìdí tí onígun mẹ́ta fi ń gbani.

Ọmọ_Ìfàkì

Ẹ ṣeun, sà. Tí búlọ́ọ̀kù bá tó ẹgbẹ̀rún, ṣé làptọ́ọ̀pù mi á gbé e?

Tíṣà_Ìkọ̀lé

Á gbé e, bí o kò bá ṣe ìṣirò yẹn ní gbogbo ìgbà. Ìgbà tí búlọ́ọ̀kù kan bá bàjẹ́ nìkan ni kí o ṣe é. Tí mélòó kan bá sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó wọn jọ, kí o ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wọn. Fi kóòdù rẹ síbí tó bá há ọ, èmi tàbí Àdùkẹ́ á bá ọ wò ó.